Báwo Ni Sítóòfù Yín?

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kìn-ín-ní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú àìrí ara wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè, mo sì kí Màámi, torí mo mọ̀ pé bí ẹ bá ń ka ìwé yìí sókè, inú ilé ìdáná ni wọ́n á ti máa dá sí i. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún yín ti fara balẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ni mo ti ń pe fóònù yín tí kò lọ. Ẹ ní ó já bọ́ sínú garawa omi. Mo ní kí n fi òmíràn ránṣẹ́, ẹ ní rárá, pé lẹ́tà ló yẹ ọmọ tó kàwé. Bàbá mi, èwo tún ni ti lẹ́tà láyé ìsinsìnyí? Ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ó tó. Ohun rere wá rèé. Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe níbí tí mo fi ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ọwọ́ mi ò dọ̀tí. Bí ìjọba kan bá ṣèlérí pé àwọn máa dín èéfín kù, pé àwọn máa fún aráàlú ní iná tí kò ní ba afẹ́fẹ́ jẹ́, àwa la máa ń wádìí bóyá ìlérí náà dé ilé ìdáná lóòótọ́, àbí orí bébà ló kú sí. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n gbé ètò sítóòfù aláìléèéfín ka orí tábìlì mi, èyí tí wọ́n pín ládùúgbò yín lọ́dún tó kọjá. Mo fò sókè lórí àga! Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo mọ gbogbo ojúlé òpópónà yẹn, pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ka mítà iná níbẹ̀, kò sì sí ajá kan tí kò mọ ìró ẹsẹ̀ wọn. Ó gbà pé ẹ̀yin ni kí ẹ bá wa lọ bi àwọn èèyàn.

Fọ́ọ̀mù ogójì ló wà nínú àpò ìwé yìí, ọ̀kan fún ilé kan. Ìbéèrè tó wà lórí rẹ̀ ni, "Báwo ni sítóòfù yín?" Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ìròyìn bá dára, ètò náà á dé àwọn ìlú mìíràn. Ẹ má gbàgbé ilé tiwa, torí Màámi ni wọ́n fún ní èyí tó tóbi jù, nítorí ìrẹsì tí wọ́n ń sè fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Inú mi dùn gan-an pé èéfín ti kúrò lójú wọn. Mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kejì

Akọ̀wé mi,

Ìwé rẹ dé. A kí ọ kú iṣẹ́, a kí ọ kú òtútù. Orúnkún wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, a jọ ń gbé ni.

Mo wọ bàtà iṣẹ́ mi àtijọ́ láti jẹ́ iṣẹ́ rẹ. Ìyá rẹ wò mí, ó ní ṣé mo tún fẹ́ lọ já iná ẹnìkan ni. Kò purọ́, torí nílé àkọ́kọ́ tí mo kàn sí, ìyá onílé sáré lọ pa rédíò kó tó wá ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù àtijọ́ ò tíì tán lára wọn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rìn ín. Mo bi télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga pé, "Báwo ni sítóòfù yín?" Ó ní, "A dúpẹ́ o, Bàbá Mítà." Mo kọ ọ́. Mo bi ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ní, "A dúpẹ́, kò burú." Mo kọ ọ́. Opó tó ń gbé ní kọ̀rọ̀ ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín náà." Ìyẹn gùn, ṣùgbọ́n mo kọ gbogbo rẹ̀. Ilé méjì péré ni kò dáhùn, ọ̀kan ti kó lọ, èkejì ní àgádágodo lẹ́nu. Gbogbo àwọn yòókù ló dúpẹ́. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Òun náà ní a dúpẹ́. Ó ń se ìrẹsì rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, bá wa fi òògùn ikọ́ rán an, èyí tó nípọn, kì í ṣe olómi. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí le, eruku sì pọ̀.

Nípa fóònù, lẹ́tà kì í já lójú ọ̀nà bí ohùn ṣe ń já. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi yọ̀! Ẹ pe Màámi jáde, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ ọ.

Méjìdínlógójì nínú ogójì! Kò sí ìlú kankan nínú gbogbo èyí tí a wò tó sún mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù tiwọn níbí kò ní àyè fún "a dúpẹ́". Ó tẹ́ wọn lọ́rùn, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, èyí nìkan ni wọ́n fún mi láti fàmì sí. Mo fàmì sí "ó tẹ́ wọn lọ́rùn" lẹ́ẹ̀mejìdínlógójì. Ọ̀gá mi dúró níwájú gbogbo èèyàn, ó kà á jáde, ó ní kí n dìde dúró. 

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa rí tó yí padà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣí sí ìsàlẹ̀ òpópónà láti máa tún sítóòfù ṣe, wọ́n máa kó o lọ sí ìlú tí tiwọn ń bàjẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí ara rẹ̀ le kì í wá dókítà.

Mo fi òògùn ikọ́ rán ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀. Ta ló ń wúkọ́? Ẹ ò sọ. Ẹ sì tún bá mi bi Màámi pé kí ni mo ṣe fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ìlà kan tiwọn kì í ṣàìsí nísàlẹ̀ ìwé yín, wọ́n á ní kí n jẹun, kí n fi aṣọ borí. Lẹ́tà mẹ́ta rèé tí mi ò rí ìlà náà. Bí wọn ò bá lè kọ̀wé, kí wọ́n ya fótò pẹ̀lú sítóòfù wọn, kí n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì.

Ọmọ yín tí orí rẹ̀ ń wú.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún

Akọ̀wé mi,

A kí ọ. A gbọ́ bí wọ́n ṣe yìn ọ́. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó fèsì. Ọkọ̀ ti wá kó ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ọmọbìnrin tó ń ṣàtúnṣe níbẹ̀ wá dágbére fún wa, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun ní ohunkóhun.

Fótò rèé. Ìyá rẹ ò fẹ́ dúró pẹ́. Òògùn náà dé, ó dára, a ti lò ó tán.

Ìwé tí o kọ fún ọ̀gá rẹ yẹn, ṣé ó ti parí pátápátá? Ṣé ẹ kì í padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí nọ́ńbà kan bá dára jù, a máa ń padà lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ dárí jì mí, mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni lónìí.

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí fótò yẹn ti wà níwájú mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo fótò sítóòfù, mo ti wo ju ẹgbẹ̀rún lọ. Èyí tí wọ́n ń lò máa ń dúdú lẹ́nu, ọ̀dà ara rẹ̀ á ti bó níbi tí wọ́n ti ń dì í mú. Ti Màámi ń dán bí àwo àlejò. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dúdú, ó dúdú dé òkè àjà. Òkúta ìdáná kan sì ń yọjú lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, eérú wà lára rẹ̀.

Mo tún wo Màámi fúnra wọn. Wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Aṣọ tí mo rà ránṣẹ́ níjọ́sí, tó fún wọn lápá, ti di gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́rùn wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Bàbá mi. Ẹ tún wá ń bi mí pé ṣé a kì í padà lọ wò ó.

Èmi ni mo fi orúkọ mi sábẹ́ ìwé yẹn. Ṣé sítóòfù náà ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Kí ló ń ṣe Màámi? Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá mi lóhùn pé a dúpẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Keje

Ọmọ mi,

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ìwé yìí.

Kò ṣiṣẹ́. Fáànù kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó ń fẹ́ igi inú rẹ̀ kí èéfín má bàa jáde. Bátìrì ló ń yí fáànù náà, sólà ló sì ń fún bátìrì lágbára. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n pín in tí bátìrì fi kú, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Bí fáànù ò bá ti yí, èéfín rẹ̀ ju ti òkúta mẹ́ta lọ. Adìyẹ opó yẹn ti ń yé ẹyin sínú tirẹ̀. Télọ̀ ń kó òwú sínú tiẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀, wọ́n á lé adìyẹ jáde, wọ́n á fi iyanrìn fọ sítóòfù, wọ́n á gbé e sí iwájú ilé kí àlejò rí i. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, a jọ rẹ́rìn-ín ni.

O máa bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ní a dúpẹ́. Ọmọ mi, o ti pẹ́ lọ́hùn-ún. Ìkíni lo kọ sórí fọ́ọ̀mù rẹ. Báwo ni iṣẹ́? A dúpẹ́. Báwo lara? A dúpẹ́. Kódà bí ẹsẹ̀ èèyàn kan bá wà nínú kòtò, a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ kó tó ní kí o fa òun jáde. Ẹ̀bùn ni sítóòfù náà sì tún jẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, ta ló máa fẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀ létí ọmọ Bàbá Mítà?

Ẹ̀bi wọn kọ́. Nígbà ayé iṣẹ́ mi, àwọn kan wà tó ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìwọlé wo mítà. Mo fi ẹjọ́ méjì nínú wọn sùn, wọ́n lé wọn. Bàbá rẹ yìí kan náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé méjìdínlógójì pẹ̀lú bírò, tí kò ní kí ẹnìkan mú òun wọ ilé ìdáná. Mo sì mọ̀. Inú ilé mi ni mo ti mọ̀.

Ìyá rẹ ló ń wúkọ́. Láti oṣù Kẹwàá ni. Dókítà ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kó má ṣe sún mọ́ iná igi mọ́. Kò gbọ́, ó ní ta ló fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé lóúnjẹ. Fóònù ò já sínú garawa kankan. Ó wà nínú àpótí mi. Ó ní bí o bá gbọ́ ikọ́ òun lẹ́ẹ̀kan, o ò ní lè jókòó ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìkan ló kù, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣàtúnṣe yẹn ti rí bátìrì kan gbà láti ìlú òkèèrè. Ti ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ tún ṣe. Sítóòfù náà wà ní títú lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá kó irinṣẹ́ àti bátìrì lọ. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo dè é pọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo sì yà á ní fótò fún ọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo gbọ́ ohùn Màámi lánàá, lẹ́yìn tí ẹ yọ fóònù kúrò nínú àpótí. Gbólóhùn méjì ni wọ́n rí sọ, ikọ́ gba ìyókù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Inú ń bí mi sí yín, mi ò ní fi pa mọ́. Oṣù mẹ́wàá lẹ fi tàn mí jẹ! Inú sì ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀yin kọ ohun tí ẹ gbọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Èdè ìyá mi ni. Ta ló tún yẹ kó mọ̀ pé a dúpẹ́ kì í ṣe ìdáhùn?

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì yìí lẹ́yìn gbogbo àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún mi. Wọ́n ti gba iṣẹ́ ètò sítóòfù yẹn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó ní bí mo bá lè rí ìdáhùn tuntun gbà kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, àwọn máa tún ìwé náà ṣí, ṣọ́ọ̀bù sì lè padà wá. Mo fi fọ́ọ̀mù ogójì mìíràn ránṣẹ́. Ìbéèrè ti yàtọ̀. Ẹ má bi wọ́n pé báwo ni. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ fi dáná láàárọ̀ yìí?" Kí ẹ wọlé, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Mo ti béèrè ìwé ìrìnnà láti wá sílé. Wọ́n ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ bá mi mú Màámi kúrò nídìí iná, bí ẹ tiẹ̀ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ

Ìwọ ọmọ yìí,

Èmi ni. Bí ìkọ̀wé mi bá wọ́, má fi rẹ́rìn-ín. Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ ọ́. Bàbá rẹ ti ti ilé ìdáná pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó ní báńkì. Ìyàwó télọ̀ ló ń bá mi se ìrẹsì, kò fi iyọ̀ sí i tó, àwọn ọmọ ti wá fẹjọ́ sùn.

Fi bàbá rẹ sílẹ̀. Èmi ni mo ní kó purọ́ garawa yẹn. Mi ò fẹ́ kí o máa jókòó níbẹ̀ ka ikọ́ mi bí bàbá rẹ ṣe máa ń ka mítà.

O kọ ọ́ sí bàbá rẹ pé ìwọ lo fa èyí. Èéfín ti wà kí n tó bí ọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi sè fún ilé ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó tì mí. Ṣùgbọ́n a ti ní ká má purọ́ fún ara wa mọ́, nítorí náà, gbọ́ ọ: lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé sítóòfù náà dé ní títú, mo sunkún. Ọkàn mi ti wà lára rẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé láti ọjọ́ Ajé, ìrẹsì wọn ò ní rùn èéfín mọ́.

Fi ìwé tuntun yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ bó bá dé ọwọ́ rẹ, bó ti wù kí ojú wọn rí. Jẹun. Fi aṣọ borí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Ohun tí mo sọ fún ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò ní tún un sọ lókè ìwé yìí. Mo gbọ́ igbe rẹ. Mo mọ̀ pé ìwé ìrìnnà rẹ ò tíì jáde, ẹnikẹ́ni níbí ò bá ọ wí.

Ilé kún fún èèyàn. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo ní oṣù ò ní dúró dè mí. Mo wọ bàtà mi, mo kó fọ́ọ̀mù rẹ, mo jáde, àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú.

Mo wọ gbogbo ilé ìdáná wọn. Opó yẹn kọ́kọ́ tijú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n kọjá. Igi ló fi dáná. Télọ̀, igi. Nínú ilé ogójì, ọgbọ̀n ló fi igi dáná láàárọ̀ yẹn, mẹ́rin fi èédú, méjì ní gáàsì. Ilé méjì ìjọ́sí ṣì ṣófo. Ẹyọ sítóòfù kan ló ń ṣiṣẹ́, ti ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ti ń jókòó lé e tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tú bátìrì kúrò nínú kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó fi sí i, fáànù rẹ̀ sì ń yí. Ó ní inú òun bàjẹ́ pé òun ò tètè ronú kàn án. A jọ dúró, a wò ó títí, èéfín kankan ò jáde. Kọ ìyẹn náà fún wọn, kí wọ́n má bàa rò pé nǹkan náà ò wúlò rárá.

Ilé wa ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Kọ́kọ́rọ́ wà lára mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó ṣí i. Mo wọlé. Mo fọwọ́ kan òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n tutù. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ kékeré yẹn, mo sì kọ fọ́ọ̀mù tiwa. Mo ṣe àdàkọ rẹ̀ síbí nítorí omi kán sí èyí tó wà nínú àpò ìwé, ó lè ṣòro fún wọn láti kà.

Ilé: ti awomítà àti alásè ilé ìwé.
Ìbéèrè: Kí lẹ fi dáná láàárọ̀ yìí?
Ìdáhùn: A ò dáná. Ẹni tó ń dá a ti kú.

Bàbá rẹ.